Antjie Krog: Akéwì Èdè Afrikaans Lẹ́nu Iṣẹ́ Rédíò

Bí orúkọ Antjie Krog bá ti jẹyọ láàárín àwa tó ń ṣèwádìí lítíréṣọ̀ Áfíríkà, ewì rẹ̀ la máa ń sáré bá. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ rédíò ló sọ ọ́ di ẹni tó ń fetí sí ẹlòmíì kó tó sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ ká ti máa wo àwọn ìwé tó kọ lẹ́yìn náà.

Kroonstad, ní South Africa, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1952, sínú ìdílé àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun. Òǹkọ̀wé ni Dot Serfontein, ìyá rẹ̀. Lọ́dún 1970, nígbà tí Krog ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ewì kan tó kọ sínú ìwé ìròyìn iléèwé náà dá ariwo sílẹ̀ nílùú, torí ilẹ̀ tí dúdú àti funfun ti jọ di ara wọn lọ́wọ́ mú ló ń fẹ́ níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Dogter van Jefta, àkójọ ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, jáde. Ewì ọmọ iléèwé yìí rìn jìnnà: nígbà tí Ahmed Kathrada, ajìjàgbara tó bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, jáde lẹ́wọ̀n lọ́dún 1989, lẹ́yìn ọdún 26, ó kà á sétígbọ̀ọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn ní Soweto.

Lọ́dún 1995 ni Krog wọṣẹ́ rédíò ní SABC, iléeṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ orílẹ̀-èdè South Africa. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà, tó ń wádìí ìwà ìkà ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu sì jẹ́ alága rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ní gbangba ní East London ní oṣù kẹrin ọdún 1996, òun ló ṣáájú àwọn oníròyìn rédíò. Antjie Samuel, orúkọ ilé ọkọ, ló ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ náà le. Ẹ̀rí gígùn gbọ́dọ̀ wọ inú ìròyìn kúkúrú, kí ohùn ẹlẹ́rìí má sì sọnù. Ní East London yẹn, Nomonde Calata ń ròyìn ikú ọkọ rẹ̀, Fort, tí àwọn agbófinró pa pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta mìíràn lọ́dún 1985. Lójijì ló ju ara sẹ́yìn, ó fi igbe ta. Kò sí ìwé ìròyìn tó lè tẹ igbe sórí bébà. Rédíò gbé e wọ ilé tí ìwé ìròyìn kì í dé.

Igbe yẹn wà nínú Country of My Skull (1998), ìwé tí Krog kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó po ẹ̀rí, ìròyìn, ewì àti ohun tó fúnra rẹ̀ hùmọ̀ pọ̀. Àwọn olámèyítọ́ kan bá a wí nítorí àpòpọ̀ yìí, mo sì fara mọ́ wọn dé ìwọ̀n kan: ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ yẹ kó mọ ibi tí ohùn ẹlẹ́rìí parí sí.

Lójú tèmi, There Was This Goat (2009) ni èsì rẹ̀ sí ìbáwí yìí. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Nosisi Mpolweni àti Kopano Ratele, padà sórí ẹ̀rí Màmá Notrose Konile, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ méje tí ọlọ́pàá pa ní Gugulethu lọ́dún 1986. Màmá ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun lálàá rí ewúrẹ́ kan tó ń wòkè, kí òun tó gbọ́ ikú ọmọ òun. Lójú ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí kò nídìí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún ohùn rẹ̀ gbọ́ lédè Xhosa. Wọ́n rí àṣìṣe ògbufọ̀, wọ́n sì rí i pé lọ́dọ̀ Màmá àti àwọn èèyàn rẹ̀, àmì burúkú ni irú àlá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bá a nílé, kó lè fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ.