Àrólé

Àrólé ni ẹni tó jókòó sípò olóògbé kí ilé má bàa dahoro. Nínú ìwé àwòrán akọni ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Wally West ni mo kà sí àrólé gidi. Lọ́dún 1985, Barry Allen tó ń jẹ́ Flash kú níbi tó ti ń gba ayé là. Wally, tó ń pe ìyàwó Barry ní àǹtí, gbé aṣọ pupa Flash wọ̀, ó sì ń jẹ́ Flash lọ. Àwọn ọ̀daràn pàápàá máa ń ní àrólé: Harry Osborn gbé agọ̀ Green Goblin bàbá rẹ̀ wọ̀, ó sì dojú kọ Spider-Man, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ṣùgbọ́n Dick Grayson, ọmọ ẹ̀yìn Batman, tó di Nightwing lọ́dún 1984 kì í ṣe àrólé: Batman ṣì wà láàyè, orúkọ tuntun ni Dick sì gbà.