Ìlẹ̀kẹ̀ Kúrò Lórí Adé: Jimoh Buraimoh àti Iṣẹ́ Àlẹ̀mọ́ ní Òṣogbo

Ní ọdún 1903, Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní fi Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sí Èkó. Ogun kọ́ ni ó lé e kúrò nílé, òwò kọ́ ni ó sì bá lọ. Ọ̀ràn ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ẹlẹ́pẹ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ dé adé onílẹ̀kẹ̀, Akárìgbò ní kò tọ́ sí i, aáwọ̀ náà sì dé iwájú Gómìnà MacGregor, ẹni tí kò lè fi ìwé òfin tirẹ̀ mọ ọba tí adé tọ́ sí yàtọ̀ sí èyí tí kò tọ́ sí. Nígbà tí ó jẹ́ pé láti Ifẹ̀ ni a gbà pé adé ti ṣẹ̀, Ọọ̀ni nìkan ni ó kù tí a lè bi. Ọọ̀ni sì dáhùn pé Ẹlẹ́pẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí i.

Mo gbé ìtàn yìí ṣíwájú kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè mọ bí ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà ti tó. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, irú èyí tí a fi ń ṣe adé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ó sì di àwòrán tí ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́ lè rà kọ́ sí ara ògiri ilé rẹ̀. Kò sí ọba tí ó pè é lẹ́jọ́. Jimoh Buraimoh ni orúkọ rẹ̀. Òṣogbo ni a sì bí i sí ní ọdún 1943.

Iṣẹ́ àlẹ̀mọ́ ni èmi pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún un tí wọ́n fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ wọn tí ó túmọ̀ sí kí a lẹ nǹkan mọ́ nǹkan, ọ̀rọ̀ náà ni àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ń lò láti Paris títí dé Ouagadougou. Àwọn tí ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà Yúróòpù a máa ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọdún 1912, nígbà tí Pablo Picasso lẹ aṣọ onírọ́bà kan mọ́ ara àwòrán rẹ̀, tí Georges Braque náà sì ń gé bébà lẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ní ti Paris, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tí a to ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìnàró bí eyín inú ẹnu, tàbí tí ó ti rí ilé orí tí a rán owó ẹyọ mọ́ títí tí a kò fi rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́, yóò gbà pé kíkó ohun wẹ́wẹ́ jọ di ohun ńlá kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa.

Ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ àná. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Abidemi Babalola wa ilẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 10,000, pẹ̀lú àfọ́kù àwọn ìkòkò tí a fi ń yọ́ dígí lórí iná. Ìwádìí rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2017, fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe dígí náà, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Wọn kò gbà á lọ́wọ́ ará òkè òkun. Lẹ́yìn èyí ni ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláràbarà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Yúróòpù wá nínú ọkọ̀ òkun, èyí tí ó pọ̀ yanturu ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí àwọn aládé wa sì lò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe adé, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Alààyè gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Oníṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣe egungun adé, yóò fi aṣọ tí a rẹ sínú omi táàṣì bò ó títí yóò fi gan. Lẹ́yìn náà ni yóò sin ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ kan náà sínú òwú, yóò tẹ́ òwú náà sí orí aṣọ, yóò sì máa fi abẹ́rẹ́ dè é mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí tí ojú àti ẹyẹ yóò fi yọ jáde. Ọba ni ó ni èyí. Babaláwo àti àwọn abọrẹ̀ òrìṣà kan náà ní ìwọ̀n tiwọn. Tálákà lè fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn tàbí sídìí, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi bo ohun ńlá báyìí.

Nísinsin yìí, kí a wá sí Òṣogbo. Ní ọdún 1961 ni àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé Dúró Ládípọ̀. Àwọn ará ọjà gbọ́ orúkọ náà, wọ́n yí i sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀: Mbárí Mbáyọ̀, bí a bá rí i, a ó yọ̀. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀ pé kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó kí ìyípadà yìí tó ṣẹlẹ̀. Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, ni ó kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀dọ́ jọ níbẹ̀ láti yàwòrán. Ní ọdún 1964, Georgina Beier kó òmíràn jọ, níbi tí Twins Seven-Seven, Mùráínà Oyèlámì, Adébísí Fábùnmi àti Buraimoh ti yọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò kàwé lọ títí. Irú àwọn tí a máa ń kọ sí abala ìkẹyìn ìròyìn wa gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò rí ibì kan bá lọ ni wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ń jó, wọ́n sì ń lùlù nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀, èyí tí ó gbé eré Ọba Kò So lọ sí Berlin ní ọdún 1964 kan náà. Ní ti Buraimoh, iná mànàmáná ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà: òun ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú eré. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kì í dúró lórí èyí. Lójú tèmi, ó yẹ kí a dúró. Ọ̀dà kì í yí padà bí ènìyàn bá ti ń rìn kọjá níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ dígí a máa gba ìmọ́lẹ̀, a sì máa jù ú padà sí ojú ẹni tí ń wò ó. Ẹni tí ó ti ń ṣọ́ bí iná ti ń bọ́ sára ọba orí ìtàgé lálaalẹ́ kò ní ṣàìmọ èyí.

Nínú àwòrán rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí a sin sínú òwú ni ó ń to sórí pákó, ó ń lẹ̀ ẹ́ ní ìlà-ìlà, ìlà náà sì ń yí ojú, imú àti èjìká ká bí ìgbà tí a sọ òkúta sínú omi. Ẹ kíyè sí i pé òwú kò lọ. Abẹ́rẹ́ nìkan ni ó lọ, gọ́ọ̀mù sì gba ipò rẹ̀. Nítorí náà ni n kò ṣe gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní òyìnbó ni ó kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n oníṣẹ́ adé wà níbẹ̀ gedegbe. N kò sì gba ti àwọn tí ó ní àṣà àtijọ́ ni ó kàn tọ́jú pamọ́. A kò lè dé pákó sórí. Adé a máa mì bí ọba bá mi orí, ìbòjú rẹ̀ a sì máa pa ojú ọba mọ́ fún aráyé. Gbogbo èyí ni àlẹ̀mọ́ sọnù, kí ó tó lè rí ààyè tẹ́jú, kí ó sì sọ ìtàn tí adé kì í sọ.

Àwọn kan ti bu ẹnu àtẹ́ lu ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ péréte ti Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn àlejò òkèèrè ni ó ń rà á, àti pé àìmọ̀ ni a ń yìn. Wọ́n a máa fi í wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zaria tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1958, bí Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó máa wá ọ̀nà tiwọn. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn nípa àwọn tí ń rà á. Ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni mo ti wọ kíláàsì, tí mo bá ogójì ọmọ tí gbogbo wọn ń ya ife kan náà, láti inú ìwé kan náà, tí olùkọ́ sì ń fi máàkì fún èyí tí ó bá jọ ti inú ìwé jù lọ? Àpáàdì, èèpo ẹ̀pà, àjákù aṣọ àti bébà ìwé ìròyìn wà ní ẹ̀yìn kíláàsì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Buraimoh fúnra rẹ̀ kò kẹ́gàn ẹ̀kọ́: ní àwọn ọdún 1970 ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti di mímọ̀. Fábùnmi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti mú òwú onírun, ó ń fi í ṣe àwòrán ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ohun kan tún kù. Nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, adé ìlẹ̀kẹ̀ Yorùbá wà nínú àpótí dígí. Lára káàdì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, a ó rí ọ̀rọ̀ náà Yorùbá, a ó rí ìgbà tí a rò pé a ṣe é, nígbà mìíràn a ó rí orúkọ ẹni tí ó ta á. Ẹni tí ó sin ìlẹ̀kẹ̀ náà kò ní orúkọ níbẹ̀. Lára káàdì ti pákó onílẹ̀kẹ̀ Òṣogbo, orúkọ ni ó ṣáájú: Jimoh Buraimoh, a bí i ní ọdún 1943.