"Ta Ni Ó Sọ Fún Ọ?": Atanilólobó, Etí Ìjọba àti Àríyànjiyàn Ọjà-Ọba Ìlọrin

Ní ọjọ́ kan tí a lọ ra ata ní Ọjà-Ọba, ní iwájú ààfin Ẹ́míà Ìlọrin, a bá àwọn ènìyàn kan lẹ́nu ìjiyàn. Ọmọkùnrin kan tí ó ń bá àwọn ènìyàn forúkọ nọ́ńbà tẹlifóònù sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn ni ó dá a sílẹ̀. Ó ní ìjọba ti mọ nọ́ńbà gbogbo wa, ó mọ orúkọ wa, ó mọ ìka ọwọ́ wa, bí ó bá sì wù ú, yóò máa gbọ́ ohun tí a ń bá ara wa sọ. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó ní ìsọ̀ aṣọ dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, bí o kò bá jalè, kí ni ò ń bẹ̀rù? Nígbà Ìdíàgbọn, ta ni ó jẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí? Gbogbo wa ni a tò sórí ìlà." Ọmọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Àwọn tí wọ́n sọ òtítọ́ tí wọ́n sì tì mọ́lé nígbà náà ńkọ́? Ṣé àwọn náà jalè ni?" Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ta ni ó sọ ìyẹn fún ọ?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. A san owó ata wa, a bá tiwa lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìjọba bi àwọn oníròyìn méjì ní ọdún 1984. Wọn kò dáhùn, wọ́n sì lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa mọ̀ pé èdè Yorùbá kò ṣe aláìní orúkọ fún ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Olófòófó wà, afẹjọ́sùn wà, amí wà, ẹlẹ́nu-méjì wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òbí yóò fẹ́ kí a fi pe ọmọ òun. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lágbára lọ sí etí ẹni tí ó lágbára. Ẹni tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ alágbára jáde kí gbogbo ìlú gbọ́ ni kò ní orúkọ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. A máa ń sọ pé ẹnì kan "ta wá lólobó", ṣùgbọ́n ìṣe ni ìyẹn, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. "Atanilólobó" tí àwọn oníròyìn kan ń lò lóde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ etí ni. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àìsí orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Ó wà nínú ìtàn bí ìjọba ṣe ń tẹ́tí sí ará ìlú, àti bí ó ṣe ń ṣe ará ìlú tí ó bá tú àṣírí ìjọba.

Ní ayé àtijọ́, ọba kò ṣe aláìní etí. Òwe wa sọ pé, "Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìlàrí ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin, irun orí wọn tí a fá apá kan rẹ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni ọba ń rán lọ máa gbé ní ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ohun tí ará ìlú ń ṣe. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Ìlọrin di ìlú alágbára lábẹ́ àwọn ọmọ Álímì, àwọn náà fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Èkìtì, bí Ìbàdàn ti fi tirẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí òwe náà ti parí: ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ní ojú, ó ní ilé, ará ìlú sì mọ ọ̀nà tí ó ń gbà lọ sóko. Bí wọ́n bá rí i tí ó ń bọ̀, wọn a yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ó bá sì ṣe àṣejù, òun náà mọ ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ọ̀ràn náà sì wọnú ogun Kírìjì tí kò parí bọ̀rọ̀.

Ti àwọn Òyìnbó àti ti ìjọba alágbádá àkọ́kọ́ kò ní pẹ́ wa lẹ́nu. Ní ọdún 1962, a ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí òṣìṣẹ́ gbé àṣírí ìjọba síta. Ní ọdún 1976, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ológun pa Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù ní 13 Oṣù Kejì, ìjọba dá àjọ aláàbò kan sílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NSO. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbọ́ ohun tí a ń sọ kí ó tó di ohun tí a ṣe.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí kan Ìlọrin gbọ̀ngbọ̀n ni ìgbà tí àwọn ológun tún gbàjọba ní 31 Oṣù Kejìlá, 1983. Mùhámádù Bùhárí ni olórí. Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ bíbí Ìlọrin, ni igbákejì rẹ̀, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gá Àgbà ní Oríkò Gíga Jùlọ àwọn ọmọ ogun. Àwọn tí ó dàgbà tó nígbà náà kò lè gbàgbé ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníjàánu ní Oṣù Kẹta, 1984: ìlà ní ibùdó ọkọ̀, gbígbá àyíká, òṣìṣẹ́ tí ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ níyà. Ìdíàgbọn kì í sábà rẹ́rìn-ín. Ní Ìlọrin, àwọn ènìyàn ń fi í yangàn títí di òní, a kò sì ní sọ pé wọn kò ní ìdí. Orúkọ rẹ̀ kò bá ti olówó ìlú dọ́gba, ẹnikẹ́ni kò sì tọ́ka sí i pé ó kó owó jẹ.

Ṣùgbọ́n dikíríì méjì wà tí a kò gbọdọ̀ fò kọjá. Dikíríì 2 ti ọdún 1984 fún Ọ̀gá Àgbà yìí gan-an ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé pé kí a ti ẹnikẹ́ni mọ́lé láìsí ẹjọ́, bí ó bá ti dá a lójú pé onítọ̀hún lè ṣe ìpalára fún ààbò ìlú. Ìfọwọ́sí ọmọ Ìlọrin ni ó wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Dikíríì 4, tí ó jáde ní 29 Oṣù Kẹta, 1984, dojú kọ àwọn oníròyìn. Ìròyìn tí ó bá ní irọ́ nínú nípa òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Èyí tí ó bá lè sọ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ìjọba fúnra rẹ̀ di ẹni ẹ̀gàn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ni yóò fi hàn pé òtítọ́ ni òun kọ, kì í ṣe ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án ni yóò fi hàn pé irọ́ ni.

Kò pẹ́ tí Túndé Thompson àti Nduka Irabor, oníròyìn ìwé ìròyìn The Guardian ti Èkó, fi kó sínú rẹ̀. Wọ́n gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè wa lókè òkun, kí ìjọba tó kéde rẹ̀. Kò sí àṣírí ogun níbẹ̀, kò sí ohun tí ọ̀tá lè fi gba ilẹ̀ wa. Ohun tí ó ká ìjọba lára ni pé ẹnì kan nínú ilé ti sọ̀rọ̀ síta. Ta ni ó sọ fún yín? Àwọn méjèèjì kọ̀, wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní Oṣù Keje, 1984, ìgbìmọ̀ tí adájọ́ kan àti àwọn ọ̀gá ológun jókòó sí rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, ó sì bu owó ìtanràn ₦50,000 lé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà lórí.

Àríyànjiyàn gba ìlú kan. Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn ìjọba ní ọ̀rọ̀ tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní nígbà ìṣèlú 1979 sí 1983, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ni ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ti ìjọba ìpínlẹ̀, tí irọ́ sì ń jáde lójú ewé wọn bí omi. Ìròyìn èké kan ṣoṣo sì lè dáná sun àdúgbò. Àwọn oníròyìn àti àwọn agbẹjọ́rò fèsì pé òfin tí ó ń fìyà jẹ irọ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tuntun tí Dikíríì 4 mú wá ni ìyà lórí òtítọ́ tí ó dun alágbára. Ní tiwa, ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni a wà. Bí irọ́ ni ìròyìn náà, kí ni ìjọba ń wá ẹni tí ó sọ ọ́ sí? A kì í wá ẹni tí ó gbé irọ́ jáde láti inú yàrá wa, nítorí pé irọ́ kò sí nínú yàrá wa.

Ìjọba yẹn wó ní 27 Oṣù Kẹjọ, 1985. Ìdíàgbọn wà ní Mẹ́kà nígbà náà. Ó padà wálé, wọ́n sì tì í mọ́lé fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta láìsí ẹjọ́. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ nínú, ṣùgbọ́n akọ̀tàn kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó kú ní Ìlọrin ní Oṣù Kẹta, 1999. Ìjọba Bàbáńgídá tí ó gbapò wọn pa Dikíríì 4 rẹ́, ó sì pín NSO sí mẹ́ta ní ọdún 1986. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa Délé Gíwá, oníròyìn, ní ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà.

Irú ìjà yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní Oṣù Kẹfà, 2013, Edward Snowden, tí ó ti ṣiṣẹ́ fún àjọ atẹ́tísílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwé àṣírí fún àwọn oníròyìn, tí ó fi hàn pé ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ ìpè tẹlifóònù àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn jọ láìfi ẹ̀sùn kankan kàn wọ́n. Ìwé ìròyìn tí ó kọ́kọ́ gbé e jáde náà ń jẹ́ The Guardian, ti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan ní akọni ni, àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yí òfin náà padà ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n Snowden kò lè padà sílé. Rọ́ṣíà ni ó fún un ní ìwé ọmọ ìlú ní ọdún 2022.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Bùhárí tún di olórí, lọ́nà ìbò, ní ọdún 2015. Ní Oṣù Kejìlá, 2016, ìjọba rẹ̀ kéde ètò kan: ẹni tí ó bá ta ìjọba lólobó nípa owó tí a jí pamọ́ yóò gba láàárín ìdá 2.5 àti ìdá 5 nínú 100 owó tí a bá rí gbà padà. Àwa Yorùbá a máa sọ pé olófòófó kò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ó wá gbẹgbàá! Ní Oṣù Kẹrin, 2017, irú olobó bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí àjọ EFCC rí owó tí ó ju mílíọ̀nù 43 dọ́là lọ nínú ilé kan ní Ìkòyí, Èkó. Àríyànjiyàn lórí ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ta olobó náà kò sì jẹ́ kí ìlú sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 kan náà, a lé òṣìṣẹ́ kan kúrò ní iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkèèrè lẹ́yìn tí ó tú àṣírí owó ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ariwo ará ìlú ni ó dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ètò ni, kì í ṣe òfin. Títí ìjọba náà fi lọ ní ọdún 2023, ilé aṣòfin kò sọ ọ́ di òfin.

Ẹni kan náà ni ó jẹ olórí ní 1984 àti ní 2016. Àwọn kan ní ó ti yí padà. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ní 2016, etí ìjọba ni a ní kí ará ìlú sọ ọ́ sí. Ní 1984, etí ará ìlú ni a sọ ọ́ sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ dojú kọ ni ó yàtọ̀.

Èyí ni ó mú wa padà sábẹ́ agboòrùn ọmọkùnrin Ọjà-Ọba. Ìwé òfin 1999, ní abala 37, ṣe ìlérí pé ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ tẹlifóònù wa jẹ́ tiwa. Láti ọdún 2011 ni a ti ń forúkọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá, 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a so gbogbo nọ́ńbà mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìlànà kan ti jáde ní ọdún 2019 tí ó fún àwọn aláàbò láyè láti tẹ́tí sí ìpè wa pẹ̀lú àṣẹ ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá jẹ́ pàjáwìrì, wọ́n lè kọ́kọ́ tẹ́tí kí wọ́n tó wá àṣẹ náà. Ajínigbé ń bẹ lójú ọ̀nà wa ní Kwara, a kò ní purọ́ pé ohun èlò yìí kò wúlò. Ṣùgbọ́n etí ọba kì í ṣe ènìyàn mọ́. Kò ní ilé ní àdúgbò, ẹnikẹ́ni kò sì lè rí i kí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ó bá ṣe àṣejù, òṣìṣẹ́ inú ilé nìkan ni ó lè mọ̀, òun náà sì ni a kò tíì fún ní orúkọ tí ó dára.

Ní sáà tí ó kọjá, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kíláàsì kejì àgbà ní àròkọ aláríyànjiyàn kan: "Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀ tí ó ń ṣe màgòmágó." Ẹni méjìlélógójì ni ó kọ ọ́. Méjìdínlógún nínú àwọn tí ó gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́ náà ṣì ń pè é ní olófòófó, àfi bí ẹni pé wọ́n ń bu ẹni tí wọ́n ń gbèjà. Mẹ́ta péré ni ó kọ "atanilólobó". Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa tí ó bá wa yẹ ìwé náà wò fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, ó ní kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí òun ń lò. A bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó dá máàkì náà padà fún wọn.