Ọ̀rọ̀-ìṣe Ni Kí A Kọ́kọ́ Wá

Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, orúkọ la máa ń sáré wá. A ti ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, a ti ní amóhùnmáwòrán, wọ́n sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bójú tó sáfà wẹ́ẹ̀bù bíi Apache tàbí nginx lórí ẹ̀rọ Debian, àṣẹ ló ń pa fún ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni àṣẹ. Ibẹ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ sáfà fún server. Ẹni tó bá pè é ní ìránṣẹ́ á mú kí a máa wá ẹni tó rán an níṣẹ́. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní package, ìdì ni: ẹnìkan ló dì í, ó sì ṣeé tú. Àká ni ibi tí wọ́n kó ìdì sí. Ìdì mìíràn tí Apache kò lè ṣe kó má ní, bíi OpenSSL, àgbáralé ni. Ẹni tó ń di ìdì ni olùtọ́jú (maintainer). N kò fẹ́ alámòójútó níbẹ̀, torí alámòójútó lè jókòó kó máa wo iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ibi update àti upgrade ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. "Mú dójú ìwọ̀n" ni àwọn kan ń lò fún update. Ó lè bá fóònù mu, àmọ́ lórí Debian, irọ́ ni. Tí ẹ bá tẹ àṣẹ apt update, ìdì kankan kò yí padà lórí ẹ̀rọ yín. Ṣe ni apt kàn lọ gba àtẹ ohun tó wà lákàá. Apt upgrade ló ń gbé ìdì tuntun wọlé. "Gba àtẹ" ni mo ń pe ti àkọ́kọ́, "pààrọ̀ ìdì" ni ìkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ méjèèjì kò ní béèrè èwo ló ń ṣáájú. Bákan náà ni reload: "tún ìlànà kà". Restart ní tiẹ̀: "pa á, kí o tún tan án".

Patch kò yọ wá lẹ́nu, àbùlẹ̀ ti wà lára aṣọ wa tipẹ́. Ó tilẹ̀ bá Apache mu, torí inú àbùlẹ̀ tí wọ́n kó jọ sórí httpd ti NCSA, ní Yunifásítì Illinois, ló ti jáde ní 1995. Backport ló le. Debian kì í sábà gbé ẹ̀dà tuntun sọ́fúwíà wọnú stable, ẹ̀ka rẹ̀ tó ti dúró sójú kan. Tí ihò ààbò bá yọ, olùtọ́jú á mú àtúnṣe láti ara ẹ̀dà tuntun, á fi lẹ ti àtijọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 tí ihò tí wọ́n ń pè ní Heartbleed jáde nínú OpenSSL, àwọn tó ni ín tún un ṣe nínú ẹ̀dà 1.0.1g. Debian 7 kò kúrò lórí 1.0.1e, ìrù rẹ̀ nìkan ló yí padà: 1.0.1e-2+deb7u5. Ẹni tó bá ka orí láìka ìrù á rò pé ihò náà ṣì wà. Ìdì tuntun nìkan kò sì tó, nítorí OpenSSL àtijọ́ ni Apache tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì dì mú, àfi tí wọ́n bá pa á, tí wọ́n tún tan án.

Debian tún wá ń pe àká mìíràn ní backports, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀dà tuntun gan-an dì kó lè bá stable ṣiṣẹ́. Nǹkan méjì, orúkọ kan. Kí ló dé tí àwa náà á fi jogún ìdàrúdàpọ̀ yẹn? "Fi tuntun lẹ àtijọ́" ni ti àkọ́kọ́, "tún un dì" ni ìkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀, mo gbà.

Ó ku ìbéèrè tí dpkg, irinṣẹ́ tó ń tú ìdì sórí ẹ̀rọ Debian, máa ń béèrè nígbà tí a bá ń pààrọ̀ ìdì: fáìlì ìlànà tí ẹ ti fọwọ́ ara yín tún kọ, ṣé kí òun fi ti olùtọ́jú rọ́pò rẹ̀? Y àti N wà lára ìdáhùn tó ń retí. Ní Yorùbá, B ló bẹ̀rẹ̀ Bẹ́ẹ̀ ni, B náà ló bẹ̀rẹ̀ Bẹ́ẹ̀ kọ́! Rárá ló máa gbà wá níbẹ̀: kí a máa tẹ B tàbí R. Kí ẹ̀rọ náà sì máa sọ pé "Ṣé ẹ fẹ́", torí kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá kàn tẹ Enter láìkà á, dpkg kò ní fọwọ́ kan fáìlì tirẹ̀.