Ta Ni Yóò Wọn Òṣùwọ̀n?

Ẹni tí ó bá ń ra ẹ̀wà lọ́jà mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí ó tilẹ̀ kún dé ẹnu, kò tíì pé. Bí ìjà bá dé nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀wà ni ọlọ́jà àti oníbàárà ń jà lé lórí mọ́, bí kò ṣe òṣùwọ̀n. Ta ni yóò wọn òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó bí ètò tí gbogbo ayé fi ń fọwọ́ sí ilé-àyẹ̀wò lónìí.

Òun náà ni ó kó orílẹ̀-èdè 17 jọ sí ìlú Paris ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 1875, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí mítà àti kílógíráàmù, kí òṣùwọ̀n ilẹ̀ kan má baà yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n bá péye, ọwọ́ tí ń lò ó ńkọ́? Ogun Àgbáyé Kejì ni ó mú kí ìjọba Australia ronú sí èyí. Wọ́n ní láti máa ṣe ohun ìjà nílé, ṣùgbọ́n ilé-àyẹ̀wò tí wọ́n lè fọkàn tán láti yẹ ohun ìjà náà wò kò tó. Ọta tí kò bá ẹnu ìbọn mu lè pa ẹni tí ó yìn ín. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1947, wọ́n dá àjọ NATA sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé, kí ó máa yẹ àwọn ilé-àyẹ̀wò pàápàá wò.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọdún 1977, àwọn aṣojú wọn pàdé ní Copenhagen láti wá ọ̀nà tí èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ kan yóò fi já mọ́ nǹkan ní ilẹ̀ kejì. Ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, ISO/IEC 17025, jáde ní ọdún 1999. Wọ́n sì tún un ṣe ní 2005 àti 2017. Lábẹ́ ìlànà yìí, ilé-àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ máa fi irinṣẹ́ rẹ̀ wé òṣùwọ̀n tí ó dájú, kí ó fi hàn pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, kí ó sì máa kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe tí ó ṣe sí i. Wọ́n tún máa ń fi ohun kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilé-àyẹ̀wò, kí wọ́n lè fi èsì wọn wéra.

Ìfọwọ́sí yìí kì í ṣe oyè tí a jẹ tán. Àwọn olùyẹ̀wò ń padà wá, iṣẹ́ sì di àyẹ̀wò látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọdún márùn-ún tó pé. Orílẹ̀-èdè Brazil jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 2013, àjọ WADA gba ìfọwọ́sí kúrò lọ́wọ́ ilé-àyẹ̀wò tí ó wà ní Rio de Janeiro, níbi tí wọ́n ti ń wá oògùn tí òfin kà léèwọ̀ lára àwọn eléré ìdárayá. Nígbà tí Ife Àgbáyé dé ní 2014, ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi ń gbé ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí Lausanne ní Switzerland. Ilé-àyẹ̀wò náà gba ìfọwọ́sí padà ní 2015. Wọ́n tún dá a dúró ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Keje, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ti kan ìlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tí ń jẹ́ dichlorvos. Wọ́n bá 0.03 títí dé 4.6 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù kan. Òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ. Ìwọ̀n yẹn kò ju mílígíráàmù kan lọ nínú odidi àpò ẹ̀wà oní 100 kílógíráàmù. Kò sí ojú tí ó lè rí i, kò sí ahọ́n tí ó lè tọ́ ọ wò. Irinṣẹ́ nìkan ni ó lè sọ ọ́, bí irinṣẹ́ bá sì ṣìnà díẹ̀, ẹ̀wà dáradára lè di ìkọ̀sílẹ̀, èyí tí ó lóró sì lè wọ inú ìkòkò ọbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹnu ibodè òkèèrè ni wọ́n ti rí àléébù ẹ̀wà náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń jẹ ẹ̀wà nílé kò ní ibodè kankan. Nàìjíríà ti ní àjọ tirẹ̀ tí ń fọwọ́ sí ilé-àyẹ̀wò, NiNAS. Ohun tí ó kù ni owó tí kì í tán lórí rẹ̀: iná tí kì í ṣẹ́jú, irinṣẹ́ tí a ń tún wọ̀n lásìkò, òṣìṣẹ́ tí a ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lóòrèkóòrè. Bí wọ́n bá pa èyí tì lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé-ẹ̀rí kọ́ ara ògiri, àgbẹ̀ tí kò fi oògùn kankan sí ẹ̀wà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè náà, nítorí kò ní sí ẹni tí yóò gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.