Ọkọ̀ Asáré Àkọ́ṣe àti Lẹ́tà Ìpèpadà

Oṣù Kínní ọdún 1953 ni General Motors pàtẹ àwọn ọkọ̀ tuntun rẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì Waldorf-Astoria ní New York. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ, ọkọ̀ funfun kan tó kúrú, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn wọ́lẹ̀, ló gba ojú èrò. Corvette ni wọ́n pè é. Ariwo tí àwọn èèyàn pa lé e lórí pọ̀ débi pé ilé-iṣẹ́ náà kò dúró kí gbogbo rẹ̀ tò tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Kí oṣù Kẹfà tó parí, èyí àkọ́kọ́ ti jáde ní ìlú Flint, ìpínlẹ̀ Michigan.

300 péré ni wọ́n ṣe lọ́dún náà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi tò wọ́n. Gbogbo wọn ló funfun níta, tí inú wọn pupa, tí aṣọ òrùlé wọn sì dúdú. Oníbàárà kò ní àwọ̀ kankan tó lè ṣà. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ohun ìdìmú níta: ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti ki ọwọ́ bọ inú ọkọ̀ kó tó lè ṣí i. Kò ní gíláàsì fèrèsé tó ń lọ sókè sódò, bí òjò bá sì dé, omi ń bá ẹni tó wà nínú rẹ̀ jókòó. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6 tó ní agbára ẹṣin 150 ló gbé e, pẹ̀lú jíà aládàáṣe oní-ìpele 2. Wọ́n ń tà á ní dọ́là 3,498. Lójú, ó jọ ohun tó ń fò. Lẹ́sẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ní 1954 wọ́n ṣe 3,640, nígbà tí ọdún sì máa fi parí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni kò tíì rí olówó.

Ẹni tó ra Corvette àkọ́kọ́ yẹn kò retí lẹ́tà látọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí òfin nígbà náà tó ní kí ilé-iṣẹ́ mọ́tò kọ̀wé sí oníbàárà pé ohun báyìí-báyìí kù díẹ̀ káàtó nínú ọjà tó rà. Bí omi bá wọlé, olówó ọkọ̀ ló ni tákísà tí yóò fi nù ún.

Ọkọ̀ General Motors mìíràn ló mú kí òfin yí padà. Ní 1965, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Ralph Nader gbé ìwé kan jáde tí orí àkọ́kọ́ rẹ̀ dá lé Chevrolet Corvair, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1960 sí 1963. Ohun tí Nader bá wí ni bí wọ́n ṣe to ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà: bí awakọ̀ bá já kọ́nà pẹ̀lú eré, táyà ẹ̀yìn lè ká sábẹ́ ọkọ̀, kí ìdí rẹ̀ sì yà bàrá. Ìwé náà tà wàràwàrà, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà sì gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ààbò ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ tó bá rí àléébù tó lè pani lára nínú ọkọ̀ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó rà á. Ṣùgbọ́n sísọ nìkan ni òfin náà kọ́kọ́ fi dandan lé. Ó di 1974 kí wọ́n tó tún un ṣe pé ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún mẹ́jọ tó wà láàárín, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀wé sí ọ pé ọkọ̀ rẹ léwu, kó sì tún bu owó iṣẹ́ lé ọ.

Lẹ́tà yẹn, tí ilé-iṣẹ́ fi ń pe ọkọ̀ padà fún àtúnṣe, ló sọ ríra ọkọ̀ asáré àkọ́ṣe di ohun tí èèyàn ń ro lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ọkọ̀ àkọ́ṣe tí kò lálèébù, èyí kì í ṣe tuntun. Ohun tó di tuntun ni pé àléébù wá ní àkọsílẹ̀, ó ní nọ́ńbà, ó sì ní ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ lè wò ó, kó sì rí i pé ìpèpadà kan ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá lóhùn.

Pontiac Fiero ló fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè burú tó. Pontiac jẹ́ ẹ̀ka General Motors nígbà náà, Corvette sì ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kà sí ọkọ̀ asáré tiwọn. Wọn kò fẹ́ orogún fún un. Àwọn ẹnjiníà Pontiac bá gbé Fiero lọ bá wọn gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ni méjì tí èèyàn lè máa wà lọ síbi iṣẹ́ láìjẹ epo púpọ̀. Owó tí wọ́n rí gbà kò tó nǹkan, nítorí náà wọ́n ṣa ohun tó wà nílẹ̀ lò: ẹsẹ̀ iwájú wá láti ara Chevette, ti ẹ̀yìn láti ara Citation. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 tó wà lọ́wọ́ ni wọ́n fún pọ̀ sẹ́yìn ìjókòó. Nígbà tó jáde fún 1984, iye rẹ̀ kò tó dọ́là 8,000, òun ló sì ṣíwájú ìdíje Indianapolis 500 lọ́dún náà. Wọ́n ṣe 136,840 lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì náà kì yóò ṣàjèjì sí mẹkáníìkì kankan. Àwọn kan nínú kọ́nírọ́ọ̀dù rẹ̀, irin tó so písítìn mọ́ kíránkì, kò lágbára tó. Àwo tó ń gba ọ́ìlì sì kéré, torí pé àyè kò gbà wọ́n láti ṣe é ní ńlá. Bí ọ́ìlì bá wá lọ sílẹ̀ díẹ̀, kọ́nírọ́ọ̀dù lè ṣẹ́, kó lu ara bílọ́ọ̀kù já, kí ọ́ìlì sì tú sórí páìpù èéfín tó ti gbóná janjan. Ní 1987, General Motors pe gbogbo Fiero ọdún 1984 padà. Gééjì ọ́ìlì wà lára ohun tí wọ́n pààrọ̀, kí ọ́ìlì tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ní 1989, wọ́n tún pe àwọn onísílíńdà 4 padà. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé nígbà yẹn; 1988 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn, lẹ́yìn tí àpapọ̀ rẹ̀ ti di 370,168. Ohun tó dunni jù ni pé ọdún 1988 yẹn gan-an ni wọ́n tó fún un ní ẹsẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Òun ni àwọn tó fẹ́ràn Fiero ń wá títí dòní. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, wọn kò sì dá owó padà fún ẹni tó jìn.

Ti Audi TT yàtọ̀, nítorí pé kò sí ohun tó fọ́ lára rẹ̀. Jámánì ló ti wá. Àwòṣe rẹ̀ kọ́kọ́ yọjú níbi ìpàtẹ Frankfurt ní 1995. Nígbà tí èyí tí wọ́n ń tà jáde ní 1998, ó jọ àwòṣe náà débi pé ẹnu ya àwọn tó mọ bí ilé-iṣẹ́ mọ́tò ṣe máa ń ba àwòrán dáadáa jẹ́ kó tó délé ìtajà. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ẹwà rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ewu rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn títì kan wà ní Jámánì tí kò ní òdiwọ̀n eré, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré kọjá kìlómítà 180 láàárín wákàtí kan. Bí TT bá dé irú eré bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba orí rẹ̀ kọjá máa ń gbé ìdí rẹ̀ fúyẹ́. Bí awakọ̀ bá já sọ́tùn-ún tàbí sósì lójijì, tàbí tó yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, ìdí ọkọ̀ yóò gba ibòmíràn lọ. Àwọn èèyàn kú.

Bí ọdún 1999 ti ń parí lọ ni Audi kéde àtúnṣe. Wọ́n fi ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí búùtù, wọ́n yí àwọn nǹkan kan padà lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ESP tó ń dá ọkọ̀ dúró kó má yà sì wá di ohun tó ń bá àwọn TT tuntun jáde. Ìyẹ́ kékeré yẹn bí àwọn ayàwòrán mọ́tò nínú. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán títí dòní, torí pé àwọn olùkójọ kan ń fi owó wá TT tí wọn kò fi ìyẹ́ sí rárá. Ọkọ̀ tí ó yẹ kó ti gba àtúnṣe tí kò gbà á ni wọ́n ń wá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yà á. Ẹni tó fẹ́ gbé e sínú gáréèjì kó máa wò ó lè ní àwíjàre. Ẹni tó fẹ́ wà á kọjá 180 kò ní.

Ferrari 458 Italia tún fi kún ìtàn náà ní 2010. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ asà ìdènà ooru nítòsí táyà ẹ̀yìn ń gbóná títí yóò fi gbiná. Ferrari pe ọkọ̀ 1,248 padà, wọ́n yọ gọ́ọ̀mù, wọ́n fi irin so ó dípò. Iṣẹ́ tí kò le, àmọ́ ọkọ̀ olówó ńlá ti jóná kí wọ́n tó ronú kàn án.

Ní oṣù Kejì 2014 ni ọ̀rọ̀ kan Porsche. 911 GT3 tuntun, tí wọ́n fi hàn ní Geneva lọ́dún tó ṣáájú, ní ẹ́ńjìnnì lítà 3.8 tó lè yí nígbà 9,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì tuntun ni, wọ́n fi rọ́pò èyí tí àwọn olólùfẹ́ GT3 ti mọ̀ tí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ọkọ̀ méjì gbiná, ọ̀kan ní Switzerland, ọ̀kan ní Ítálì. Kò sẹ́ni tó fara pa. Porsche ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ọkọ̀ 785 tó wà níta pé kí wọ́n má wà á mọ́, àwọn ni yóò wá gbé e. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, ohun tí wọ́n rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Fiero láti òkèèrè: bóòtì kọ́nírọ́ọ̀dù ń tú, kọ́nírọ́ọ̀dù ń ba bílọ́ọ̀kù jẹ́, ọ́ìlì ń jò, iná ń gbà á. Porsche kò bá gééjì jà. Ní oṣù Kẹta, wọ́n kéde pé gbogbo ọkọ̀ 785 náà ni yóò gba ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra kó tó yin Porsche jù. Ọkọ̀ 785 kì í ṣe 136,840, ẹni tó sì san dọ́là 130,000 ó lé kì í ṣe ẹni tí ilé-iṣẹ́ lè fi ọgbọ́n dá lóhùn. Síbẹ̀, níbi tí ìtàn méjèèjì ti pínyà ni olùrajà yẹ kó wò jù. Pé ọkọ̀ gba lẹ́tà ìpèpadà kò sọ púpọ̀ fúnni. Ohun tó sọ púpọ̀ ni ohun tí ilé-iṣẹ́ náà tú wò, bó ṣe jinlẹ̀ tó, àti bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ náà lára ọkọ̀ yìí gan-an.

Ibi tí àlàfo wà nínú òfin nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ tuntun tó ní ìpèpadà lọ́rùn fún oníbàárà kó tó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó kà á léèwọ̀ láti ta ọkọ̀ àlòkù bẹ́ẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ó ń gúnlẹ̀ sí Kùtọnu tàbí Èkó, ó ń di tòkunbọ̀. Éàbáàgì Takata, tí wọ́n pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 rẹ̀ padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé ó lè bú kó fọ́n irin sí awakọ̀ lójú, wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lásán tí kò ní í ṣe pẹ̀lú eré sísá. Òfin Amẹ́ríkà kò dé ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀, oní-àmì 17, ṣì wà lára rẹ̀ níbikíbi tó bá lọ, ẹnikẹ́ni sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, lọ́fẹ̀ẹ́ láti mọ iṣẹ́ tó ṣì kù lọ́rùn rẹ̀.

Ní ti GT3, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò parí sí ẹ́ńjìnnì 785. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ wọn, àwọn kan tún ń rí ìjẹra níbi tí àwọn fáàfù ti ń ṣí tí wọ́n ń pa dé. Ní 2017, Porsche fa wọ́ráńtì ẹ́ńjìnnì náà gùn di ọdún 10 tàbí máìlì 120,000, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ náà. Fún ẹni tó ra èyí tó jáde ní 2014, ọdún 10 náà ti pé ní 2024. Ọkọ̀ náà ṣì ń yí nígbà 9,000, owó rẹ̀ kò sì wálẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á báyìí ní láti béèrè ìwé iṣẹ́ tó fi hàn pé wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àti ohun tí wọ́n tún ti ṣe sí i lẹ́yìn náà. Bí fáàfù bá bẹ̀rẹ̀ wàhálà, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san án.