Ipa Gíráfíìnì Nínú Ìmọ̀ Ìṣègùn: Láti Ọdún 1859 sí 2024

Ọdún 2004 ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn gíráfíìnì. Ní ọdún náà, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ti Yunifásítì Manchester fi téèpù tí ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bó gíráfáìtì, èyí tí í ṣe dúdú inú pẹ́ńsùlù, títí ó fi ku ìpele kan ṣoṣo tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kábọ̀n kan lọ. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2010. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ yìí kò tó fún ẹni tí ń wá ìtàn ìṣègùn, nítorí gíráfíìnì lásán kì í pò mọ́ omi, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú ara ènìyàn.

Benjamin Brodie ni ó la ọ̀nà náà láìmọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1859, ó fi ásíìdì líle ṣiṣẹ́ lórí gíráfáìtì kí ó lè mọ ìwọ̀n átọ́ọ̀mù rẹ̀. Ohun tí ó rí ni gíráfáìtì tí ọ́síjìn ti lẹ̀ mọ́. Ọ́síjìn yìí ni ó ń jẹ́ kí àwọn ìpele rẹ̀ fọ́n ká sínú omi. Ní ọdún 2008, Hongjie Dai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford ń wá ohun tí yóò gbé SN38, oògùn jẹjẹrẹ tí kì í yòrò nínú omi. Irú ohun tí Brodie ṣe ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì so oògùn náà mọ́. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Ṣáínà gún gíráfíìnì sí èkúté lára. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ lésà tí ojú kì í rí sí i, ooru rẹ̀ sì pa jẹjẹrẹ náà.

Èkúté kì í ṣe ènìyàn. Síbẹ̀, ọjà kò dúró de ìwádìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ ìlera ìjọba Kánádà ní kí àwọn ará ìlú má ṣe lo ìbòmú tí ó ní gíráfíìnì nínú mọ́, kí ẹ̀rún rẹ̀ má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ó gba àwọn kan padà ní oṣù keje. Ó di ọdún 2024 kí èsì ìwádìí àkọ́kọ́ tó jáde, nínú èyí tí ènìyàn 14 tí ó yọ̀ǹda ara wọn ní Edinburgh fi wákàtí 2 fa gíráfíìnì ọlọ́síjìn símú lábẹ́ àbójútó. Kò ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ ní àsìkò kúkúrú náà, àmọ́ àmì díẹ̀ hàn pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Ní ọdún 2024 kan náà, ní agbègbè Manchester níbi tí téèpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ gbé ẹ̀rọ gíráfíìnì tín-ín-rín lé ọpọlọ aláìsàn kan fún ìgbà àkọ́kọ́, láti fi mọ ibi tí jẹjẹrẹ parí sí àti ibi tí ara líle ti bẹ̀rẹ̀.